Koríko Dénágì Nínú Ilé Yìnyín

Bí òtútù bá ti mú, tí omi adágún tó wà lẹ́yìn ògiri gíga bá dì gbagidi, Dénágì ni gbogbo ìlú máa ń wò lẹ́nu. Obìnrin yìí ló ń dá orin. Tọkùnrin tobìnrin a gbé àáké, wọn a fọ́ yìnyín, wọn a rù ú lọ sínú kòtò tó wà lábẹ́ ilé yìnyín, ilé amọ̀ ńlá tó ga ṣóńṣó bí òkìtì ọ̀gán. Dénágì a wà níwájú, a máa jó, a máa kọ ọ́ pé:

Yìnyín, sùn o, sùn,
Koríko ni aṣọ rẹ,
Má jí, ó dìgbà ooru,
Àwa la ó jí ọ jẹ!

Àṣà wọn ni pé kí ilé kọ̀ọ̀kan mú ẹrù koríko àlìkámà kan wá, koríko tuntun tí ẹran kankan kò tíì fẹsẹ̀ kàn. Òun ni wọ́n ń tẹ́ sáàárín yìnyín kó má baà lẹ̀ mọ́ra, kó má sì yọ́.

Ọdún tí mo ń wí yìí ni Dénágì fi ọmọ rẹ̀, Ánúṣì, fọ́kọ. Inú rẹ̀ dùn débi pé gbogbo koríko tuntun ilé rẹ̀ ló kì sínú ibùsùn tí ọmọ náà ń gbé lọ ilé ọkọ. Ó kì í, ó fún pin! Ìgbà tí ọjọ́ yìnyín pé, kò ku ẹyọ kan nílẹ̀. Ṣé kó wá lọ tọrọ ni? Dénágì, tó máa ń yọ ṣùtì sí àwọn tó ń tọrọ? Ó wọ ibùso ẹran, ó kó èyí tí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ rẹ̀ ń sùn lé, ó gbọ̀n ọ́n, ó sá a sóòrùn ọjọ́ mẹ́ta. Ó gbé e símú. Òtútù ti dí imú rẹ̀, kò gbóòórùn nǹkankan.

"Ta ni yóò mọ̀?" ló wí. Ó rù ú lọ, ó sì ń kọrin lọ.

Ooru dé, ooru tó ń mú kí ajá na ahọ́n sílẹ̀. Ọjọ́ ṣíṣí ilé yìnyín pé. Ródágì, ìyá ọkọ Ánúṣì, mú Ánúṣì lẹ́yìn, wọ́n ti ìlú kejì wá bá wọn jẹun. Dénágì fúnra rẹ̀ ló ro ògì àlìkámà, tó fi asẹ́ tẹ̀ ẹ́ sínú omi tútù títí ó fi ń jáde wínníwínní bí òwú funfun. Bàbá Máhbódì, arúgbó tó ti ń ṣọ́ ilé yìnyín láti ọgbọ̀n ọdún, wọ kòtò lọ gbé yìnyín jáde. Ó fá a lé òwú ògì lórí, ó da oje àjàrà tó ki bí oyin sí i. Àlejò ni wọ́n kọ́kọ́ bù fún.

Ródágì gbé ṣíbí sẹ́nu. Ó gbé àwo náà símú.

"Àna mi," ló wí, "ṣé kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ lẹ fi sè é ni?"

Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín, wọ́n tọ́ ọ wò, ni wọ́n bá ń tu itọ́. Obìnrin kan tó ń hun aṣọ pariwo pé, "Háà! Bàbá Máhbódì! Ẹ kúkú fún kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ yín ní yàrá níbẹ̀ ni?" Torí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ bàbá ló máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé yìnyín tòjò tẹ̀ẹ̀rùn.

"Rárá o, ẹ̀yin ọmọ mi," ni bàbá wí. Ó wá dojú kọlẹ̀. "Àbí mo jẹ́ kó wọlé lọ́jọ́ kan tí òtútù pọ̀? Mo ti ń gbàgbé nǹkan. Ẹ má bínú. Ó ti tó kí ẹlòmíràn máa ṣọ́ ọ." Ó bọ́ kọ́kọ́rọ́ onígi ilé yìnyín lọ́rùn rẹ̀.

Ara Dénágì bù máṣọ.

Ródágì tún wá fi ọ̀rọ̀ gún un lọ́kàn láìmọ̀. "Ẹ wo Ìyá Ánúṣì," ló wí. "Ó mọ́ tónítóní! Ibùsùn tó fún ọmọ wa, òórùn oko àlìkámà ló ń ta títí dòní."

"Dénágì," ni àwọn àgbà wí, "dá orin ká gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ bàbá."

Dénágì la ẹnu. Orin kò wá. Ó tún un là.

"Èmi ni," ló wí.

"Èwo ni 'èmi ni'? A ní kí o kọrin!"

"Koríko abẹ́ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ mi ni mo mú wá. Tuntun wà nínú ibùsùn ọmọ mi. Ojú ń tì mí láti tọrọ. Bàbá ò ṣe nǹkankan."

Ródágì ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Ẹ̀hẹn! Aṣọ yìnyín ni ọmọ wa ń sùn lé, yìnyín wá ń sùn lé ti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú wọn. Ẹ̀rín yẹn ta Dénágì ju èébú lọ. Ánúṣì ọmọ rẹ̀ fi ìbòrí bo ojú, kò sì wò ó. Ó wu Dénágì kí ilẹ̀ lanu gbé e mì.

Bàbá Máhbódì kò rẹ́rìn-ín. Ó fi kọ́kọ́rọ́ padà sọ́rùn, ó gbé àwo Ródágì fún Dénágì.

"Jókòó, ọmọ mi. Jẹ ẹ́."

Níwájú gbogbo wọn, Dénágì jẹ ẹ́, ṣíbí kan tẹ̀ lé òmíràn, ó sì lá àwo. Ẹnikẹ́ni kò ní kó ṣíwọ́.

Títí dòní, bí òtútù bá mú, wọn a tò, wọn a máa gbóòórùn koríko ara wọn lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n sì ti yí ìparí orin náà padà:

Yìnyín, sùn o, sùn,
Koríko ni aṣọ rẹ,
Dénágì, sọ ẹrù kalẹ̀,
Jẹ́ ká fimú kàn án ná!

Òun náà ló ṣì ń dá a. Bó bá kan ibi orúkọ rẹ̀, ojú rẹ̀ a gbóná nínú òtútù yẹn, ṣùgbọ́n kò fò ó rí.