Ẹ̀jẹ̀ fún Ayàwòrán Ìjì Ọ̀sán

Kí ọ̀rọ̀ yìí tó ṣẹlẹ̀, irọ́ mẹ́sàn-án ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo ti tú àṣírí rẹ̀, mi ò sì ṣì í rí. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn, torí ibẹ̀ ni ìgbéraga mi ti bẹ̀rẹ̀.

Ìròyìn àwọn ìwé akọni ni mo máa ń kọ, àwọn ìwé aláwòrán tí ọkùnrin kan á ti wọ ṣòkòtò tó fún mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, tí á da aṣọ sẹ́yìn, tí á máa fò kiri ojú ọ̀run láti gba aráyé là. Ta ni ilé iṣẹ́ lé kúrò, akọni wo ni wọ́n fẹ́ pa lóṣù tó ń bọ̀, ta ni wọ́n tún fẹ́ jí dìde: èmi lẹ máa bi. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni mò ń kọ ọ́ sí, àwọn òǹkàwé mi sì sọ mí ní Ẹlẹ́nu-Mímú. Mi ò ní purọ́, orúkọ náà dùn mọ́ mi.

Ẹ̀yin tí ẹ ò bá ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ rí, ẹ gbọ́: nínú wọn, ikú kì í ṣe ikú. Akọni á kú lóṣù kẹta, wọ́n á sin ín tẹkúntẹkún, àwọn èèyàn á du ìwé náà rà. Kó tó di oṣù kẹsàn-án, ó ti dé, ara rẹ̀ á tún le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí wọ́n ṣe ń tajà nìyẹn. Kò sì tó wọn kí wọ́n fi akọni inú ìwé nìkan ṣe é. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ilé iṣẹ́ tó ń tẹ ìwé akọni kan tó ń jẹ́ Ìjì Ọ̀sán kígbe síta pé ọ̀kan lára àwọn òǹkọ̀wé àwọn ti sọnù. Àwọn òǹkàwé lẹ fọ́tò rẹ̀ mọ́ ògiri káàkiri, àwọn kan ò sùn. Èmi ni mo wá ọ̀gbẹ́ni náà rí, létí òkun, níbi tó ti ń lá áísìkíríìmù. Ìpolówó ìwé tuntun ni gbogbo ariwo náà. Ẹni tí ejò bá sì ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá.

Ẹni tó ń ya Ìjì Ọ̀sán gan-an, ọ̀gá mi ni nígbà kan. Ọdún mẹ́fà ni mo fi jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì rẹ̀. Òun á fi pẹ́ńsù yà á, èmi á wá fi tàdáwà tọ ojú ìlà rẹ̀, ọmọ rẹ̀ obìnrin á sì kọ ọ̀rọ̀ sínú àwọn róbótó tó ń jáde lẹ́nu àwọn akọni. Yàrá kan ṣoṣo ni, fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ògiri ilé kejì, ẹ̀yìn wa sì máa ń ro wá débi pé a máa ń dìde lọ́kọ̀ọ̀kan lọ nà gbalaja sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ọ̀gá ò jẹ́ kí n tọ ìlà kan lẹ́ẹ̀mejì. Á ní, "Bó o bá ti ń bẹ̀rù rẹ̀, má fọwọ́ kàn án." Ọmọ rẹ̀ ń pè mí ní Bọ̀ọ̀dá, kì í sì í ṣe ẹnu lásán.

Lọ́dún tó kọjá, mo kọ ọ́ sójú ìwé mi pé ọwọ́ Ọ̀gá ti ń gbọ̀n, pé Ìjì Ọ̀sán tó ń yà báyìí dà bí ẹni tí ibà ń ṣe, pé ó yẹ kí àgbà mọ ìgbà tó yẹ kó sinmi. Òótọ́ ni mo sọ. Ọmọ rẹ̀ pè mí lórí fóònù lọ́jọ́ náà.

"Bọ̀ọ̀dá, ṣé ẹ ò lè kọ́kọ́ pè wá kẹ́ ẹ bi wá léèrè ohun tó ń ṣe ọwọ́ ẹ̀ ni?"

Mo ní iṣẹ́ mi ni mò ń ṣe. Ó pa fóònù náà mọ́ mi létí. Láti ọjọ́ yẹn, kò pè mí mọ́, èmi náà ò pè é.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta kan ni ẹ̀dà Ìjì Ọ̀sán tó pé igba jáde. Nínú rẹ̀, àwọn ọ̀tá ti fi májèlé sínú omi ìlú, Ìjì Ọ̀sán wá ń fa ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ fún àwọn ọmọdé títí tirẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ tán. Ní ojú ewé tó gbẹ̀yìn, ó nà sórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn, dókítà kọjú sí àwa tí à ń kàwé, ó ní, "Ta ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá tiẹ̀ mu?" Ibẹ̀ ni wọ́n parí rẹ̀ sí.

Nígbà tó di àárọ̀ Ọjọ́ Ajé, ní aago mẹ́jọ, ọmọ Ọ̀gá gbé ọ̀rọ̀ yìí síta lórí íńtánẹ́ẹ̀tì: "Bàbá mi tó ń ya Ìjì Ọ̀sán wà nílé ìwòsàn. Inú ẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀. Ọjọ́rú ni wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún un, ṣùgbọ́n irú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ò wọ́pọ̀, kò sì sí nílẹ̀. Nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn, bóyá lẹ lè rí ẹni mẹ́ta tó ní in. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn ìwé ẹ̀, ẹ dákun, ẹ wá." Ó kọ orúkọ ilé ìwòsàn náà sí i, ó sì fi fọ́tò ọwọ́ kan tí wọ́n ki abẹ́rẹ́ bọ̀ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Ẹ̀yin náà, kí lẹ bá rò? Bẹ́ẹ̀dì lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, bẹ́ẹ̀dì lọ́jọ́ Ajé. Ẹ̀jẹ̀ nínú ìwé, ẹ̀jẹ̀ lóde. Mo pe ilé iṣẹ́ tó ń tẹ ìwé náà. Obìnrin tó ń dá àwa oníròyìn lóhùn ní, "A ò ní ohunkóhun láti sọ lórí ìyẹn báyìí." Ohun tí wọ́n sọ nìyẹn nígbà tí òǹkọ̀wé wọn "sọnù." Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo tó mọ̀ pé obìnrin náà ò tiẹ̀ gbọ́ nǹkan kan, ẹnikẹ́ni ò sọ fún un.

Nọ́ńbà ọmọ Ọ̀gá wà nínú fóònù mi. Mo wò ó. Mo ní bí mo bá pè é, èébú ni màá jẹ. Mi ò pè é.

Ní aago mọ́kànlá, mo kọ ọ́ gàdàgbà: "Ẹ má lọ o! Wọ́n tún ti dé." Mo ka àwọn àmì rẹ̀ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí mo ṣe máa ń ṣe. Mo ní ẹni tó bá débẹ̀, ẹ̀bùn fìlà àti ìwé tuntun ni wọ́n á nà sí i, kámẹ́rà á sì ti wà níkọ̀rọ̀. Àwọn tó ti ní àwọn ń bọ̀ lé ní irinwó nígbà yẹn. Kó tó di aago kan, ẹ̀rín ni gbogbo wọn ń rín. "Ẹlẹ́nu-Mímú ti tún mú wọn!" Mo jẹun yó lọ́jọ́ náà, mo sì sùn lọ́sàn-án. Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ìyẹn pẹ̀lú.

Àárọ̀ Ọjọ́rú ni ìpè wọlé. Obìnrin tó ń kun àwọ̀ sí ìwé Ìjì Ọ̀sán ni. Kò kí mi.

"Ṣé orí ẹ pé?"

Mo ní kí ló dé.

"Ilé ìwòsàn ni mo wà. Èèyàn méje ló wá látọjọ́ Ajé. Méje! Ẹ̀jẹ̀ ẹnì kankan nínú wọn ò bá tiẹ̀ mu. Wọ́n ti sún iṣẹ́ abẹ síwájú, kò sì dájú pé ó tún máa lè dúró dè é. Ta lo rò pé ó kọ ìtàn orí bẹ́ẹ̀dì yẹn? Òun fúnra ẹ̀ ni! Oṣù mẹ́rin ló ti mọ̀ pé òun ń ṣàìsàn. Kò lè fẹnu sọ ọ́ fún wa, ló bá gbé e wọ Ìjì Ọ̀sán lọ́rùn."

Ẹyin lohùn, wọ́n ní bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́, èmi ni mo sì fọwọ́ ara mi jù ú sílẹ̀.

Mo jókòó, mo kọ ọ́ pé mo ṣì í. Mo ní òótọ́ ni, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sáré, èèyàn ń kú lọ. Kò pẹ́ tí èsì fi bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. "Ẹ wò ó, wọ́n ti gbà á padà síṣẹ́!" "Ẹlẹ́nu-Mímú náà ti wọnú eré." Ọ̀kan nínú wọn kọ ọ̀rọ̀ gígùn, ó to àwọn àmì rẹ̀ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan gẹ́lẹ́ bí mo ṣe kọ́ wọn, ó fi hàn wọ́n pé àtúnṣe tí mo ṣe yìí gan-an ló jẹ́ kó dájú pé ìpolówó ni. Ó kọ ọ́ dáadáa. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ á bá a. Tèmi lọ fún ọjọ́ méjì péré, òótọ́ sáré títí, kò bá a.

Mo gba ilé ìwòsàn lọ. Ibi tí wọ́n ti ń gba ẹ̀jẹ̀ wà ní ìsàlẹ̀, àga mẹ́rin, fìríìjì kan tó ń kùn, nọ́ọ̀sì kan tó fọwọ́ lẹ́rán. Ó yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò.

"Ẹ̀jẹ̀ yín dáa, sà. Kì í kàn ṣe irú tiẹ̀ ni."

"Ẹ bá mi gbà á náà."

Ó gbà á. Ẹlòmíì ni wọ́n á lò ó fún. Bó ṣe ń kán sínú ọ̀rá, mò ń wo ilẹ̀kùn, mò ń retí kí ẹnì kan ṣáà wọlé, bó tiẹ̀ jẹ́ pé yẹ̀yẹ́ ló fẹ́ wá fi mí ṣe. Ẹnikẹ́ni ò wọlé.

Ọmọ Ọ̀gá wà ní òkè, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ògiri. Nígbà tí mo rí i, mo kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀.

"Ẹ dìde, Bọ̀ọ̀dá. Àwọn èèyàn ń kọjá."

"Àbúrò mi, mo ti ṣe yín níkà."

"Ẹ dìde, mo ní." Ojú rẹ̀ ti wú, ṣùgbọ́n kò sunkún. "Dókítà ti bá mi sọ̀rọ̀. Ó ní bí ẹ̀jẹ̀ bá tiẹ̀ dé báyìí, kò lókun iṣẹ́ abẹ mọ́. Ó ní bóyá ló fi máa di alẹ́."

Ojú tì mí débi pé mi ò rí ibi gbé e sí.

"Nǹkan kan ni mo fẹ́ lọ́wọ́ yín," ló wí. "Látàná ló ti ń bi mí pé àwọn òǹkàwé òun mélòó ló wá. Mo ní wọ́n pọ̀. Kò gbà. Ó ní ọmọ òun ni mí, pé mo lè máa tan òun. Ó ní àfi bí ẹ̀yin lẹ bá sọ ọ́."

"Ṣé kò tíì ka ohun tí mo kọ?"

"Mo ti gba fóònù lọ́wọ́ ẹ̀ látàárọ̀ Ajé." Ó ṣí ilẹ̀kùn fún mi. "Ẹ wọlé lọ, kẹ́ ẹ lọ purọ́ fún un."

Ọ̀sán ganrínganrín ni. Kọ́tìnnì ò dí fèrèsé tán, oòrùn gùn lé ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Ọ̀gá ti rù, gbogbo rẹ̀ ò ju àpò ìrọ̀rí lọ. Ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún wà lórí aṣọ, ìka méjì ṣì dúdú fún pẹ́ńsù.

"Ṣé ìwọ nìyẹn? Ìwọ tó o ní ọwọ́ mi ń gbọ̀n."

"Èmi ni, Ọ̀gá. Ẹ dárí jì mí."

"Òótọ́ lo sọ, ó ń gbọ̀n. Ìwọ kì í purọ́, ohun tó burú lára ẹ nìyẹn." Ó rẹ́rìn-ín, ikọ́ gbà á lẹ́nu rẹ̀. Mo dúró títí ó fi rọlẹ̀. "Àwọn èèyàn wá?"

"Wọ́n wá, Ọ̀gá."

"Mélòó?"

Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mo ti ń kọ ìròyìn, mi ò kọ iye kan sílẹ̀ rí tí mi ò kà á lẹ́ẹ̀mejì.

"Wọ́n lé ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Wọ́n tò látẹnu ọ̀nà ibi tí wọ́n ti ń gba ẹ̀jẹ̀, wọ́n gba iwájú ilé oògùn, wọ́n yọ sí títì."

Ó di ojú rẹ̀, ó tún là á, ó ń wò mí. Mo mọ ìwò yẹn. Bó ṣe máa ń wo ìlà tí mo bá sọ pé mo ti tọ̀ tán nìyẹn.

"Irú àwọn wo ni?"

"Ìyá àgbàlagbà kan wà níbẹ̀ tó mú ẹ̀dà àkọ́kọ́ dání, ó fi ọ̀rá wé e, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Onítakisí kan wọ aṣọ Ìjì Ọ̀sán wá. Kò gbà á, ìdodo rẹ̀ wà níta. Àwọn ọmọ ilé ìwé náà wá, nọ́ọ̀sì ní wọn ò tíì tó ọjọ́ orí, wọ́n sì kọ̀, wọn ò lọ." Mo wúkọ́. "Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ò bá tiyín mu, ó ní kí wọ́n ṣáà gba tòun."

"Ìdodo rẹ̀ wà níta?"

"Gbogbo rẹ̀, Ọ̀gá."

Ó rẹ́rìn-ín, kò sì wúkọ́ lọ́tẹ̀ yìí. Omi yọ lójú rẹ̀, kò nù ún. Lẹ́yìn náà ló yí orí sí apá fèrèsé.

"Ṣé oòrùn mú níta?"

"Ó mú."

"Látàárọ̀ ni wọ́n ti wà lórí ìdúró?"

"Látàárọ̀ ni."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ jẹ́ kí wọ́n máa jìyà báyìí? Lọ sọ fún wọn kí wọ́n máa lọ sílé. Sọ pé mo ní ó ti tó. Sọ fún wọn pé mo dúpẹ́."

Mo jáde. Ọmọ rẹ̀ wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó fi etí aṣọ rẹ̀ dí ẹnu. Mi ò sọ̀kalẹ̀ lọ síbì kankan. Mo dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mò ń ronú bí á ṣe pẹ́ tó kí ẹnì kan tó bá ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta èèyàn sọ̀rọ̀ tán. Mo dúró tó bẹ́ẹ̀. Mo padà wọlé.

"Mo ti sọ fún wọn, Ọ̀gá."

"Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní ẹ kú iṣẹ́."

"Ṣé wọ́n ti ń lọ?"

Mo lọ síbi fèrèsé, mo ká kọ́tìnnì kúrò, mo wo ìsàlẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ kan ṣoṣo ló jókòó síbi géètì, ó ń fi bébà fẹ́ ara rẹ̀.

"Wọ́n ti ń lọ," ni mo wí. "Wọ́n ń juwọ́ sí yín."