Ilé Tó Wà Lápá Òsì

Ní oṣù kìíní ọdún 1980 ni Tíṣà Olúsànmí kó àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì, Ọlọ́runtóbi àti Olúyínká, jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé rẹ̀ ní Ìdànrè, ó sì sọ fún wọn pé lọ́dún yìí, inú ìwé nìkan kọ́ ni wọn yóò ti kẹ́kọ̀ọ́. Lóṣooṣù ni wọn yóò máa lọ wo ibì kan. Wọn yóò fi ẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀, wọn yóò fọwọ́ kan ohun tó bá ṣeé fọwọ́ kàn, bí wọ́n bá sì délé, wọn yóò kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an ló kọjá sí ilé kejì, ó bẹ Agatha pé kó jẹ́ kí Ọmọlará máa bá wọn lọ.

Agatha ń ránṣọ lọ́wọ́. Ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ. Ọdún méjì ṣáájú ni ibà gbé Ignatius ọkọ rẹ̀ lọ láàárín ọjọ́ mẹ́fà péré, nígbà tí Ọmọlará, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, wà ní ọmọ ọdún méje. Ignatius àti Tíṣà jọ dàgbà ni. Bẹ́ǹṣì kan náà ni wọ́n jókòó lé nílé ìwé ìjọ Àgùdà. Kò sí bí Agatha ṣe fẹ́ sọ pé rárá.

"Ẹ ṣeun, Tíṣà," ló wí. "Ọlọ́run á máa ṣọ́ yín lọ, á máa ṣọ́ yín bọ̀."

Ó sì tún gbé ẹsẹ̀ lé ẹ̀rọ rẹ̀.

Nínú oṣù kejì, wọ́n lọ sí Owena. Tíṣà kó àwọn ọmọ náà wọnú odò dé orúnkún kí wọ́n lè mọ bí omi ṣe ń ti ènìyàn. Nínú oṣù kẹta, wọ́n lo ọjọ́ méjì ní abà kan ní Atosin, Ọmọlará sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ la kòkó. Nígbà ọdún Àjíǹde, wọ́n lọ sí Ifẹ̀, wọ́n rí àwọn orí tí wọ́n fi idẹ ṣe. Bí ọmọ náà bá ti dé báyìí, tòun ti eruku ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ ìyá rẹ̀ ló ń jókòó sí, á sì máa sọ̀rọ̀ títí oúnjẹ rẹ̀ á fi tutù. Bàbá Yínká sọ pé báyìí. Màmá Yínká ní báyìí. Kò sí ìtàn tí kì í bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Agatha ń gbọ́. Ó ti rí àwọn obìnrin tí ń jowú nítorí ọkọ, ó ti rán aṣọ fún púpọ̀ nínú wọn, ó sì máa ń ṣàánú wọn. Ṣùgbọ́n ohun tó ń ṣe é láyà yìí, kò mọ orúkọ tí yóò pè é. Ó máa ń dé bó bá rí Olúfúnmilọ́lá, ìyàwó Tíṣà, tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà tó ń tú irun Ọmọlará, tó ń tún un dì, irun tí òun Agatha ṣẹ̀ṣẹ̀ dì níjẹta. Ó dé lọ́jọ́ tí obìnrin náà ra bàtà kánfáàsì funfun mẹ́ta, oríṣi kan náà, bí ẹni tó bí ọmọ mẹ́ta.

"Ẹ kú ọmọ títọ́," ni Agatha máa ń sọ fún un, pẹ̀lú ẹ̀rín. Ẹ̀rín náà á máa dùn ún lẹ́rẹ̀kẹ́ títí yóò fi wọlé.

Mùíbàt tó ń ta aṣọ ní òdìkejì títì kò ràn án lọ́wọ́. Ó gbé aṣọ oníbàárà kan wá lọ́jọ́ kan, ó gbé ara lé férémù ilẹ̀kùn.

"Àǹtí Agatha, ẹ ò ṣe kúkú sọ fún wa pé ẹ ti fi ọmọ yẹn tọrẹ? Àná ni mo rí i níwájú ọkọ̀ ìjàpá Tíṣà, ó gbé apá lé ojú fèrèsé bí ìyàwó gómìnà."

"Bó o bá fẹ́ kí wọ́n máa gbé tìẹ náà, lọ bẹ̀ wọ́n."

"Mẹ́fà tèmi? Táyà ọkọ̀ yẹn á bẹ́ kó tó rí Àkúrẹ́."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Nígbà tí Mùíbàt lọ tán ni Agatha rí i pé òdì lòun rán apá bùbá tó wà lọ́wọ́ òun mọ́ ara rẹ̀. Ó mú abẹ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú u.

Nínú oṣù kẹfà, wọ́n lọ sí Ìkògòsì, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti ń ṣàn pàdé ara wọn. Ọmọlará bu omi gbígbóná náà sínú ìgò, ó fi ìborùn wé e, ó sì gbé e há itan títí wọ́n fi dé Ìdànrè. Nígbà tó fi lé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́, ó ti tutù.

"Ó gbóná nígbà tí mo bù ú, Màmá."

"Mo mọ̀."

"Bàbá Yínká ní kò lè gbóná délé. Mo ní kí n ṣáà gbìyànjú ẹ̀."

Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, Bàbá Yínká nìkan ni Agatha gbọ́. Ó gbé ìgò náà sójú fèrèsé. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó da omi inú rẹ̀ sí ìdí ìbẹ́pẹ, nígbà tí ọmọ náà sì béèrè, ó ní ó dànù ni.

Oṣù kẹjọ ni wọ́n lọ sí Ìbàdàn láti wo àwọn ẹranko. Agatha wà lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí wọ́n dé. Ọmọlará sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ pẹ̀lú ojú oorun, ó rìn díẹ̀, ó yíjú padà.

"Dádì, ìwé mi wà lórí ìjókòó."

Gbogbo wọn gbọ́ ọ. Ọmọlará alára fi ọwọ́ bo ẹnu. Tíṣà ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, ó na ìwé náà sí i, ó ní kó lọ sinmi. Kò sẹ́ni tó dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ mọ́, ní ilé méjèèjì. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà lọ, bí Agatha bá ti ń wa ẹ̀rọ, ohun tí ẹ̀rọ náà ń sọ nìyẹn.

Ìdílé Ignatius ní àṣà kan tiwọn. Bàbá Àkàndé, baba tó bí baba Ignatius, wà lára àwọn tí kò fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ nígbà tí ìlú ń ṣí kúrò lórí òkè. Òkè Ìdànrè ló kú sí, ilé rẹ̀ sì wà níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òrùlé rẹ̀ ti wó. Nínú ìdílé náà, wọn kì í pọn ọmọ gòkè. Ọmọ á dúró títí yóò fi lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gun àtẹ̀gùn láti ìsàlẹ̀ dé òkè, pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. Bó bá dé ilé náà, á gbá iwájú rẹ̀ mọ́, á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á pe Bàbá Àkàndé, á sì dárúkọ ara rẹ̀, kí ilé lè mọ̀ ọ́n. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni Ignatius nígbà tó ṣe é. Ó máa ń wí pé bí Ọmọlará bá ti pé mẹ́wàá, òun ni yóò rìn lẹ́yìn rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ṣègbéyàwó ló mú Agatha gòkè, òun náà sì gbálẹ̀. Ní báyìí, ìyá Ignatius ti kú, Ignatius kò sì ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò. Agatha nìkan ló kù tó mọ ẹnu ọ̀nà náà. Láti ìgbà tí Ignatius ti kú, lọ́dọọdún ló ń sọ pé ó di ẹ̀ẹ̀mí-ìn kí òun tó tún gòkè. Ẹsẹ̀ kò dùn ún. Ó kàn jẹ́ pé kò rí ara rẹ̀ níwájú ilé yẹn láìsí ọkùnrin náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Nígbà tí òjò dá nínú oṣù kọkànlá, tí àtẹ̀gùn kò yọ̀ mọ́, Tíṣà wá sọ pé òkè tiwọn ló kàn. Ọmọlará ti pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, ó sì ti sọ fún wọn nípa ilé Bàbá Àkàndé.

"Ẹ bá wa lọ, Ìyá Ọmọlará. Ẹ̀yin ló yẹ kẹ́ ẹ ṣíwájú."

Agatha fi aṣọ ìyàwó tó wà níwájú rẹ̀ hàn án, tí wọ́n ń bọ̀ wá gbà lọ́jọ́ Sátidé. Òótọ́ ni.

"Ẹ wá júwe ọ̀nà fún wa. Bí a bá kọjá ààfin àtijọ́, tí ọ̀nà pín sí méjì, ibo la máa yà sí?"

Òsì ni. Agatha mọ̀ ọ́n bó ṣe mọ ojú abẹ́rẹ́ rẹ̀. Ó ń rí ọlọ tó là sí méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà. Ó tún ń rí Tíṣà níbẹ̀, tó dúró síbi tó jẹ́ ti Ignatius, tó gbé ọwọ́ lé èjìká ọmọ náà.

"Ẹ yà sí ọ̀tún," ló wí. "Ilé kẹta."

Ní ọjọ́ Sátidé náà, Ọmọlará padà dé pẹ̀lú erùpẹ̀ pupa lẹ́nu ìgbálẹ̀ rẹ̀. Ó gbálẹ̀ títí, ó sì pe Bàbá Àkàndé lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ya ilé náà sínú ìwé rẹ̀, pẹ̀lú igi tó hù jáde lójú fèrèsé, ó sì kọ sábẹ́ rẹ̀ pé: *Ilé baba ńlá mi. Ó ti mọ̀ mí.*

Agatha wo àwòrán náà, inú rẹ̀ sì dùn. Ayọ̀ kan ni tí kò ní fẹ́ kí àlùfáà gbọ́ sí: Tíṣà kò rí ilé Bàbá Àkàndé. Kò dé ibẹ̀. Ayọ̀ náà kò ju wákàtí kan lọ. Lẹ́yìn oúnjẹ, Ọmọlará gbé ìwé rẹ̀ lọ síwájú fọ́tò baba rẹ̀ lára ògiri, ó sì ka ohun tó kọ fún un, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń ka Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì. Agatha jáde lọ sẹ́yìnkùlé, ó lọ dúró ti ìbẹ́pẹ.

Ó ní òun á sọ fún un lọ́la. Ọ̀la dé, kò sọ. Ó ní bó bá di ọjọ́ Ìsinmi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kọjá bẹ́ẹ̀.

Nínú oṣù kejìlá, Tíṣà ní àwọn ọmọ ni yóò yan ibi tí wọ́n máa padà sí. Ọlọ́runtóbi fẹ́ Ìbàdàn, Olúyínká fẹ́ Ìkògòsì, wọ́n sì ń jà sí i. Ọmọlará ní òkè lòun fẹ́. Tíṣà béèrè ìdí rẹ̀.

"Ibẹ̀ nìkan ni Màmá mi lè fẹsẹ̀ rìn dé. Wọn ò tíì rí ibi kankan lọ́dún yìí."

Olúfúnmilọ́lá ló wá sọ ọ́ fún Agatha, ojú rẹ̀ sì rọ̀ bó ṣe ń sọ ọ́. Agatha bojú wo orí ẹ̀rọ rẹ̀. Kò sí aṣọ ìyàwó kankan níwájú rẹ̀.

Ọjọ́ kejì ọdún Kérésì ni wọ́n lọ. Àwọn ọmọ ń sáré níwájú, wọ́n ń ka àtẹ̀gùn, iye tí wọ́n ń kà kò sì bá ara wọn mu. Ní gbogbo ibi ìsinmi ni Ọmọlará ti ń dúró de ìyá rẹ̀, tó ń bi í bóyá ó ti rẹ̀ ẹ́. Ìgbálẹ̀ tuntun wà lọ́wọ́ rẹ̀. Agatha ń sọ fún ara rẹ̀ pé òun á dákẹ́. Ta ni yóò mọ̀? Ilé tó ti wó ni ilé tó ti wó.

Wọ́n kọjá ààfin àtijọ́. Wọ́n yà sí ọ̀tún. Ọmọlará sáré lọ bá ilé kẹta, ó gbá iwájú rẹ̀, ó sì dúró ṣánṣán lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú kánfáàsì rẹ̀ tó ti pupa.

"Bàbá Àkàndé, èmi Ọmọlará ni. Mo ti mú Màmá mi wá."

Igi ojú fèrèsé náà mì díẹ̀. Ilé àwọn ẹlòmíràn ni, tí òkú tiwọn kò mọ ẹni tí ọmọ yìí ń ṣe.

"Ọmọlará," ni Agatha wí. "Ibí kọ́."

Ọmọ náà yíjú padà. "Ibí kọ́ kí ni?"

"Kì í ṣe ilé wa nìyí. Apá òsì ni ilé wa wà."

"Ṣé ẹ gbàgbé ni?"

Ó béèrè rẹ̀ pẹ̀lú àánú, bí ẹni tó ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ fún àgbàlagbà. Agatha ìbá sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kó sì parí síbẹ̀.

"Rárá. Mo mọ̀ ọ́n. Mo parọ́ fún Bàbá Yínká. Mi ò fẹ́ kó jẹ́ pé àwọn ló máa mú ọ débẹ̀."

Olúfúnmilọ́lá wolẹ̀. Àwọn ọmọ Tíṣà ń wo baba wọn. Tíṣà yọ fìlà, ó wò ó, ó tún dé e.

"Ìyá Ọmọlará," ló wí, "ẹ ṣíwájú. A ń bọ̀ lẹ́yìn."

Ilé náà kò jìnnà. Ọlọ tó là sí méjì ṣì wà níbẹ̀, koríko ti bo ìdajì rẹ̀. Tíṣà dá aya àti àwọn ọmọ rẹ̀ dúró lókèèrè. Ọmọlará bọ́ síwájú ilé náà. Ó gbálẹ̀ láti apá kan dé apá kejì, kò kánjú. Lẹ́yìn náà ló dúró lẹ́nu ọ̀nà. Agatha dúró lẹ́yìn rẹ̀, ní ibi tí Ignatius ìbá dúró sí.

"Bàbá Àkàndé, èmi Ọmọlará ni, ọmọ Ignatius." Ó wo ìgbálẹ̀ ọwọ́ rẹ̀. "Ẹ má bínú. Ilé onílé ni mo kọ́kọ́ lọ."

Agatha na ọwọ́ láti gbé e lé èjìká rẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ náà ti yí padà. Ó ń juwọ́ sí àwọn tó wà lókèèrè pé kí wọ́n máa bọ̀, kí wọ́n wá wo ọlọ náà. Wọ́n wá. Tíṣà bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ kan òkúta náà, ó ní Ignatius ti sọ fún òun rí, nílé ìwé, pé ọlọ kan tí àrá là sí méjì wà nílé àwọn. Òun pè é ní òpùrọ́ nígbà náà.

Agatha kò mọ ìtàn yẹn. Ignatius kò sọ ọ́ fún un rí. Ó rí i bí Ọmọlará ṣe sún mọ́ Tíṣà, tó ń bi í kí ni baba òun tún sọ, ohun tó ń ṣe é láyà sì tún yọjú. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, òun náà sún mọ́ wọn, ó fẹ́ gbọ́ ìyókù.

Nígbà tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀, Ọmọlará kò di ọwọ́ ẹnikẹ́ni mú. Ó ń lọ níwájú ní òun nìkan, kò sì bojú wẹ̀yìn. Ní ibi ìsinmi àkọ́kọ́, kò dúró. Agatha kò pè é. Ó rọra ń tẹ àtẹ̀gùn lọ́kọ̀ọ̀kan, ojú rẹ̀ ń tọ ìgbálẹ̀ náà lẹ́yìn bó ṣe ń lọ.

Ní ibi ìsinmi kejì, ó bá ọmọ náà lórí òkúta, tó ń gbọn erùpẹ̀ kúrò nínú bàtà rẹ̀, tó ń dúró dè é.