Èwo Ni Tìẹ Nínú Ariwo Yìí?

Kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè mí ní onígìtá. Onígìtá ni Kánmọ́kánmọ́, ẹni tó máa ń fò lórí ìtàgé bí ẹni tí ìjàlọ wọ̀ ní ṣòkòtò, tí àwọn ọmọge sì ń pariwo orúkọ rẹ̀. Béèsì ni èmi ń ta. Okùn mẹ́rin péré ló ní, wọ́n ki, ohùn rẹ̀ sì wà nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tí orin ń gbé ẹsẹ̀ lé. Abẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń pè mí nínú ẹgbẹ́ wa. Orin mẹ́tàlì la ń kọ, èyí tí gìtá rẹ̀ máa ń ké bí ìgbà tí wọ́n ń fi ayùn gé páànù. Tí ẹ ò bá fẹ́ràn rẹ̀, ẹ fi wá sílẹ̀, orí tiwa ló ń fọ́.

Ìyá mi ò fẹ́ràn rẹ̀ rárá. Aránṣọ ni. Yàrá iwájú nílé wa ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, abẹ́ tábìlì ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ni mo sì ti gbọ́njú. Ibẹ̀ ni mo ti máa ń sùn lọ́sàn-án nígbà tí mo wà ní kékeré, lórí àgékù aṣọ, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì á máa tẹ ẹ̀rọ nítòsí orí mi. Bóyá ìdí nìyẹn tí ariwo kì í fi í dí mi lọ́wọ́ oorun.

Lọ́jọ́ tí mo gbé béèsì àkọ́kọ́ wọlé, ó wò ó lókè, ó wò ó nísàlẹ̀. Ó ní, "Okùn yòókù ńkọ́? Àbí wọ́n rẹ́ ẹ jẹ ni?"

Ẹ̀yìn ilé búrẹ́dì la ti bẹ̀rẹ̀ ìdánrawò. Oníbúrẹ́dì gbà wá tọwọ́tẹsẹ̀, àfi ìgbà tó ṣàkíyèsí pé ìyẹ̀fun tó pò á wú dáadáa, ṣùgbọ́n bí Jàgídíjàgan onílù wa bá ti kan ìlù ńlá, gbogbo rẹ̀ á tún wálẹ̀ pẹ̀sẹ̀. Ó lé wa jáde.

"Ẹ gbé ogun yín lọ! Búrẹ́dì mi ti di bàtà!"

A kó lọ sí ilé ìkẹ́rùsí tí mo ti ń ṣiṣẹ́, tí mo ti ń gbé àga àti kọ́bọ́ọ̀dù lójoojúmọ́. Ibẹ̀ ni mo ti dá ohùn béèsì kan tó sọ wá di èèyàn. Ó máa ń sáré gìdìgìdìgìdì, á dákẹ́ fẹ́ẹ́, á ta gìdì kan ṣoṣo, á tún dákẹ́, lẹ́yìn náà á bẹ́ sí eré padà. "Irin Kì í Sùn" la pe orin náà. Kánmọ́kánmọ́ bi mí pé níbo ni mo ti jí i. Mo fọwọ́ sọ̀yà. Mo ní orí mi ló ti wá, mi ò jí nǹkan ẹnikẹ́ni.

A ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù, wọ́n sì ń pè wá káàkiri. Mo gbé e wálé fún ìyá mi. Ó dá ẹ̀rọ dúró, ó ká ọwọ́ gbera, ó gbọ́ ọ tán.

"Mo gbọ́ ẹni tí wọ́n ń fún lọ́rùn," ó ní. "Mo gbọ́ ẹni tó ń fọ́ àwo. Mo gbọ́ ẹni tó ń gé páànù. Ìwọ wá dà? Èwo ni tìẹ nínú ariwo yìí?"

"Màámi, èyí tó wà nísàlẹ̀ yẹn ni."

"Ìsàlẹ̀ ibo?"

Mo yí ohùn rẹ̀ sókè títí wíńdò fi ń gbọ̀n. Ó ní òun gbọ́ wíńdò.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ó dùn mí. Wọ́n ní ọmọ tó bá ṣípá ni ìyá ń gbé. Mo ti ṣípá títí, apá ń ro mí, ìyá mi ò tíì rí i. Kí ẹgbẹ̀rún èèyàn mọ̀ mí, kí obìnrin kan ṣoṣo yẹn má gbọ́ mi, kí ni mo jèrè?

Mo bẹ̀ ẹ́ títí kó wá wò wá. Nígbà tí ẹ̀bẹ̀ sú u, ó ní, "Màá wá lẹ́ẹ̀kan. Tí mi ò bá gbọ́ ẹ, o ò gbọ́dọ̀ fi ọ̀rọ̀ yìí yọ mí lẹ́nu mọ́ láyé."

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí a fẹ́ ṣeré nínú gbọ̀ngàn kan, mo fi í jókòó síwájú pátápátá. Ó gbé báàgì rẹ̀ lé itan bí ẹni tó ń dúró de dókítà. Mo fún un ní fóòmù kékeré tí àwa olórin máa ń fi dí etí kí ariwo má baà bà á jẹ́.

"Ṣé kí n lè gbọ́ ẹ ni àbí kí n má lè gbọ́ ẹ?" Ó dá a padà fún mi.

Èmi fi tèmi dí etí. Nígbà tó kan "Irin Kì í Sùn", mo da irun bojú, mo dijú, mo fẹ̀yìn ti sípíkà mi, mo ń mi orí. Orin náà wọ̀ mí lára, inú mi ń dùn ṣìnkìn. Mo ń sọ lọ́kàn mi pé àwọn ọmọ yìí ti gbọ́n o, lónìí ni wọn ò bo ohùn mi mọ́lẹ̀.

Ibi tí mo ti ń mi orí, fóòmù kan fò jáde létí mi. Béèsì mi nìkan ni mo ń gbọ́. Mo lajú. Jàgídíjàgan ti gbé igi ìlù sílẹ̀, ó ń mu omi. Olórin wa ń pariwo sínú máìkì tí kò dáhùn. Kánmọ́kánmọ́ wà lórí ìkúnlẹ̀, ó kọ ìdí sí àwọn èrò, ó ń wá wáyà kiri. Àṣé ibi tó ti ń fò ló ti fẹsẹ̀ kọ́ wáyà, tó fà á yọ, tí iná gbogbo wọn sì kú. Sípíkà tèmi ní wáyà tirẹ̀. Èmi ọ̀gbẹ́ni sì ń dá a ta lọ.

Ojú tì mí. Mo fẹ́ dáwọ́ dúró, àfi bí mo ṣe rí ìyá mi. Báàgì rẹ̀ ti bọ́ sílẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ń tẹ ilẹ̀, ìka síwájú, gìgísẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n ń bá béèsì mi lọ géérégé. Bí mo ṣe ń sáré, wọ́n ń sáré. Nígbà tí mo dé ibi ìdákẹ́, wọ́n dúró, ọwọ́ rẹ̀ sì yí nǹkan tí kò sí níbẹ̀ padà lórí itan, bó ṣe máa ń yí aṣọ tó bá dé igun.

Àṣé mo jí i lóòótọ́.

"Ẹ̀rọ mi nìyẹn!" Ìyá mi kígbe, ó ń lu ẹni tó jókòó tì í léjìká. "Ẹ̀rọ mi ni! Igun kọ́là ló wà yẹn! Ọmọ mi ló ń rán an!"

Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Ẹ̀rín ń pa mí, omi ń bọ́ lójú mi, ọwọ́ mi ò sì dúró. Ìgbà yẹn gan-an ni Kánmọ́kánmọ́ rí wáyà rẹ̀ kì bọ ihò, tí gìtá rẹ̀ ké wáààn.

Ìyá mi yí ojú sí i. "Ìwọ ọmọ yìí, pa á! Jẹ́ kó rán an tán!"

Kánmọ́kánmọ́ gbé ọwọ́ kúrò lára gìtá bí ọmọ iléèwé. Mi ò dijú mọ́. Mo ń wo ẹsẹ̀ ìyá mi, mo ń bá a lọ, títí àwa méjèèjì fi rán kọ́là náà tán.