Ìbòjú Ìyàwó Lójú Ìyálé

Kí n tó fẹ́ ọkọ mi ni ìyá mi ti kìlọ̀ fún mi pé ọkùnrin tó ń wọn ẹnu ọ̀nà kó tó ra àga, sùúrù ni yóò fi pa mí. Èmi ò gbọ́. Òun ló ń tọ́jú kọ̀ǹpútà nílé iṣẹ́ rédíò tí mo ti ń gbé fóònù níwájú.

Lọ́jọ́ tí mo ń wí yìí, èmi ni mo fẹ́ ka ìròyìn ọ̀sán. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bẹ ọ̀gá wa, ó wá sọ ojú abẹ níkòó: “Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo fẹ́ dán ẹ wò. Bí rédíò bá dákẹ́ pẹ́nrẹ́n, ìdí fóònù ni wàá padà sí.”

Àárọ̀ ọjọ́ náà gan-an ni káàdì tó so sáfà wa mọ́ sítúdíò jóná. Sáfà ni kọ̀ǹpútà àgbà tí ìròyìn àti orin wa ń gbé inú rẹ̀. Méjì la ní, wọ́n jọra bí ìbejì. A ń pe ti àtijọ́ ní Ìyálé, èyí tó dé lẹ́yìn ni Ìyàwó. Wọ́n jọ ń pín iṣẹ́ ṣe, bí ọ̀kan bá sì dákẹ́, èkejì ò lè dá a ṣe. Orúkọ kálukú wà lára ìbòjú rẹ̀, ìyẹn ike tó bò ó níwájú. Ìyàwó la rí i pé ó dákẹ́.

Ọ̀gá mú káàdì tuntun jáde. “Tì í wọlé jàre. Ihò kan náà ni.”

“Ẹsẹ̀ yín lè wọ bàtà mi, sà,” ni ọkọ mi wí, “ṣùgbọ́n ṣé ẹ lè fi rìn?”

Ló bá bẹ̀rẹ̀. Ó wọn gígùn káàdì, ó wọn gíga rẹ̀, ó wo iná tó ń jẹ, ó wo bóyá àwọn tó ṣe Ìyàwó gbà á láyè. Mo ní, “Bàbá Ìwọ̀n, ẹ ò ṣe wọn ọjọ́ ayé mi náà?” Kò tiẹ̀ wò mí. Nígbà tó yá, ó ní wọ́n bára mu, ó tì í wọlé, ó tan iná.

Sáfà pariwo bí ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú. Kò mọ káàdì náà rí.

Ọkọ mi yẹ gbogbo rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kan sí i, kò rí àṣìṣe kankan. Ló bá tan tọ́ọ̀ṣì sínú sáfà, ó ka nọ́ńbà ìdánimọ̀ tó wà lára irin inú lọ́hùn-ún, ó sì gbójú sókè.

“Ọ̀gá, ta ló fọ àwọn ìbòjú yìí?”

Gbogbo wa la mọ̀. Ọ̀gá kì í gbà kí ẹlòmíràn fọ̀ wọ́n. Lóṣooṣù ló ń tú wọn, tó ń fi ọṣẹ fọ̀ wọ́n, tó ń sá wọn sóòrùn, tó sì ń dá wọn padà fúnra rẹ̀.

“Èmi ni. Ṣé kò mọ́ ni?”

“Ó mọ́, sà. Ìbòjú Ìyàwó lẹ fi bo Ìyálé lójú.”

Gbogbo ìwọ̀n tí ọkọ mi wọ̀n, ti Ìyàwó ni, Ìyálé ló sì ń tọ́jú láti àárọ̀.

Mo kígbe pé, “Ẹ yọ káàdì ti Ìyàwó fún Ìyálé, kí Ìyàwó gba tuntun!”

“Àbá gidi nìyẹn. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ wò ó,” ni ọkọ mi wí.

Ó kù díẹ̀ kí n gé e jẹ. Ó wò ó tọwọ́tẹsẹ̀, ó ní káàdì àtijọ́ yẹn bá àwọn méjèèjì lára mu, ó sì pààrọ̀ wọn. Iná aláwọ̀ ewé tàn lára Ìyálé àti Ìyàwó. Mo sáré wọ sítúdíò, mi ò tíì mí dáadáa tí wọ́n fi ní kí n máa sọ̀rọ̀. Mo ka ìròyìn náà láìṣi ọ̀rọ̀ kankan kà.

Nígbà tí mo jáde, fóònù iwájú ń dún kíkankíkan. Kí n tó dé ibẹ̀, ọ̀gá ti jókòó sórí àga mi, ó gbé e. Ó tẹ́tí, ó wò mí.

“Ẹ ò lè mọ ohùn ẹ̀,” ó sọ fún ẹni tó pè. “Olùka ìròyìn wa tuntun ni.”

Mo di ọkọ mi mú, mo bú sẹ́kún níwájú gbogbo wọn.