Gbogbo Wa La Ṣáájú

Ọjọ́ Sátidé ni ìjà máa ń pọ̀ jù ní ṣọ́ọ̀bù Onídìrí. Ẹni tó kọ́kọ́ dé á ní òun ń sáré lọ ra nǹkan, ẹni tó dé lẹ́yìn rẹ̀ á jókòó sórí àga, ọ̀rọ̀ á dariwo. Àbúrò Onídìrí, tí gbogbo ilé ń pè ní Àbíkẹ́yìn, ló ń bá a fọ irun ní ìdí bàsíà. Bí ó bá ti ń bu omi sórí oníbàárà, ọkàn rẹ̀ á ti rìn jìnnà. Ibẹ̀ ló ti rí i: áàpù kan tí èèyàn á fi gba nọ́ńbà láti ilé, tí fóònù á sì sọ ipò tó wà lórí ìlà fún un.

Onídìrí gbọ́ ọ, ó ní òun yóò fún un ní Sátidé kan ṣoṣo láti dán an wò. Bí áàpù náà bá paná ìjà, òun á wá ẹlòmíràn sídìí bàsíà, Àbíkẹ́yìn á sì jókòó ti kọ̀ǹpútà rẹ̀. Bí kò bá paná rẹ̀, kó má dárúkọ áàpù létí òun mọ́.

Àbíkẹ́yìn kọ ọ́, ó pa á rẹ́, ó tún un kọ. Àwọn tó ń ṣàkóso ibi tí aráyé ti ń gba áàpù dá a padà pé àwòrán rẹ̀ kò hàn. Wọ́n tún dá a padà pé kó kọ́kọ́ wá àwọn tí yóò dán an wò. Ta ni kò ní ẹbí? Ó fi ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀, àwọn àǹtí àti ọkọ àǹtí, kálukú nílé tirẹ̀, ó ní kí wọ́n bá òun wá àléébù rẹ̀. Àdúrà ni wọ́n fi dá a lóhùn. Ìyá rẹ̀ ní láti ọjọ́ tí òun ti dáyé, ibì kankan kò tíì dá òun lóhùn kíákíá bẹ́ẹ̀ rí. Ọkọ àǹtí ní áàpù náà mọ àgbà. Inú Àbíkẹ́yìn dùn débi pé kò bi í pé kí ló rí tó fi sọ bẹ́ẹ̀.

Áàpù náà jáde. Nígbà tí Sátidé yóò fi mọ́, obìnrin mẹ́jọ ti gba nọ́ńbà. Wọ́n wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́, ẹnikẹ́ni kò ti ẹnì kejì. Onídìrí rẹ́rìn-ín músẹ́ sí àbúrò rẹ̀, ó ní kí ẹni àkọ́kọ́ bọ́ sórí àga.

Àwọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ dìde.

Nọ́ńbà kìíní ló wà lójú gbogbo fóònù. Àṣé ẹni tó ni ín nìkan ni fóònù kọ̀ọ̀kan ń kà. Kò mọ̀ pé ẹlòmíràn wà láyé. Ìdí tí ẹbí fi yìn ín nìyẹn. Kálukú ló wà ní ipò kìíní nílé tirẹ̀; ta ni yóò fẹjọ́ sùn?

“Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó,” ni ìyàwó táílọ̀, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, wí fún èyí tó dúró tì í. “Fóònù yín kàn ń pọ́n yín lé ni.”

“Ó kúkú sàn kó pọ́n mi lé,” ni Tíṣà dá a lóhùn. “Tìẹ ń tàn ẹ́ ni.”

Onídìrí yíjú sí àbúrò rẹ̀. Ó na ìka sí bàsíà.

Àbíkẹ́yìn padà síbẹ̀, ojú tì í gan-an. Nígbà tí wọ́n jà á tán, ìyàwó táílọ̀ ló kọ́kọ́ gbé orí sílẹ̀ fún un. Ẹni tí orí rẹ̀ wà nínú omi kò ríbi lọ, ẹnu nìkan ló kù fún un. Ó ní lẹ́tà áàpù náà kéré, ó ní ibi tí wọ́n ń tẹ̀ láti gba nọ́ńbà sún mọ́ ibi tí wọ́n ń tẹ̀ láti dá a padà jù. Tíṣà fi tirẹ̀ lé e. Nígbà tó fi kan Nọ́ọ̀sì tó ṣìkẹta, Àbíkẹ́yìn fúnra rẹ̀ ló ń bi wọ́n léèrè; ó gbàgbé ìtìjú, ó sì gbàgbé omi tó ń ṣàn sí Nọ́ọ̀sì létí.

“Ọmọ yìí, ṣé etí mi náà wà lára áàpù ni?” ni Nọ́ọ̀sì bi í.

Ẹ̀rín sọ. Àwọn tó ń jà lẹ́ẹ̀kan ti gbé àga wọn yí bàsíà ká, kálukú fẹ́ sọ tirẹ̀. Onídìrí dúró pẹ̀lú kóòmù lọ́wọ́, kò sẹ́ni tó wá sọ́dọ̀ rẹ̀. Ó wò wọ́n títí. Lẹ́yìn náà ló rìn wá, ó gba ike omi lọ́wọ́ àbúrò rẹ̀.

“Lọ gbé kọ̀ǹpútà rẹ wá, kí o jókòó síbi tí wàá ti máa gbọ́ wọn,” ló wí. “Màá fọ èyí tó kù. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹnì kan ṣoṣo ni mo fẹ́ rí ní ipò kìíní o.”

“Kó jẹ́ èmi,” ni Nọ́ọ̀sì wí, ọṣẹ ṣì wà lójú rẹ̀.