Àwọn Ọmọ Tí Wọ́n Bí Sórí Tábìlì

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ọ̀gá àgbà ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń ka iye ènìyàn, ni ó fẹ́ sanwó ilé-ẹ̀kọ́ gíga fún mi. Irú iṣẹ́ rẹ̀ gan-an ni èmi náà fẹ́ ṣe, mo sì fẹ́ kọ́ ìmọ̀ ìṣirò. Òun ní ìmọ̀ ìbánisọ̀rọ̀ ni kí n kọ́, tàbí kí n wá ẹlòmíràn tí yóò sanwó.

"Ìṣirò kẹ̀? Ta ló sọ fún ọ pé ìṣirò la fi ń ka ènìyàn? Tẹ̀ lé mi lọ síbi iṣẹ́ kí ojú rẹ là."

Mo tẹ̀ lé e. Yàrá ìpàdé wọn tutù bíi yìnyín. Àwọn òṣìṣẹ́ jókòó yí tábìlì gbọọrọ kan ká, wọ́n ń jẹ bisikíìtì. Agbègbè kan ní òdìkejì odò ló kàn láti kà. Afárá ibẹ̀ ti wó. Àwọn akànìyàn dé etí odò, wọ́n wo omi, wọ́n ṣẹ́rí padà. Orí ìjókòó ni wọ́n wá fẹ́ ka àwọn ará ibẹ̀.

"Ẹ mú iye tí a kà nígbà tó kọjá, kí ẹ fi ìdajì rẹ̀ kún un," akọ̀wé ló wí bẹ́ẹ̀.

"Ìdajì ti pọ̀ jù. Ojú á tì wá."

"Ojú wo? Kí ni wọ́n rí ṣe níbẹ̀ ju ọmọ bíbí lọ?"

Bí ẹni ń ná ọjà ni wọ́n ṣe ń ná ọmọ ọlọ́mọ. Nígbà tí iye náà bá wọn lára mu, wọ́n fi yàrá ìkàwé tuntun ta àwọn ọmọ náà lọ́rẹ. Ilé ìwòsàn tó yẹ àwọn àgbà ibẹ̀, wọ́n gbé e fún ibòmíràn.

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín sí mi. "Ṣé o rí i? Iye kò le. Bí a ó ṣe kéde rẹ̀ lórí rédíò ni iṣẹ́."

Agbègbè yẹn ni ìyá àgbà mi, ìyá tó bí Ọ̀gá alára, ń gbé. Afárá wó lóòótọ́, ṣùgbọ́n fóònù kò wó. Mo pe Ìyá àgbà, mo sì jẹ́ kí ohùn wọn jáde síta.

"Ìyá àgbà, wọ́n ní ọmọdé pọ̀ lọ́dọ̀ yín."

"Ọmọdé wo? Ilé-ìwé tó wà nílẹ̀, ewúrẹ́ ló ń sùn nínú ẹ̀. Orúnkún ló ń dùn wá níbí o, kì í ṣe ìwé. Ta ló ń purọ́ mọ́ wa?"

"Àwọn tó ń ka ènìyàn ni. Orí tábìlì ni wọ́n bí àwọn ọmọ náà sí."

"Ṣé ọmọ mi wà níbẹ̀? Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o! Ẹni tó ń ka gbogbo ayé, tí kò rántí ka ìyá ẹ̀!"

Bisikíìtì há akọ̀wé lọ́fun. Ọ̀gá ń làágùn nínú òtútù.

"Màmá, iṣẹ́ ìjọba ni. Ọmọ yín yìí ló ta kú pé ìṣirò lòun fẹ́ kọ́. Mo ní mi ò ní sanwó."

"Háà! O bí ọmọ rẹpẹtẹ fún mi lórí tábìlì, ẹyọ kan tó wà láyé lóòótọ́, o ò ní rán an níwèé?"

Gbogbo wọn tẹjú mọ́ bisikíìtì wọn. Ọ̀gá wú ikọ́, ó tún un wú.

"Ó dáa. Lọ kọ́ ìṣirò rẹ."

Mo dúpẹ́. Mo ti di ilẹ̀kùn mú kí n tó gbọ́ tí ó ń rọra bá akọ̀wé sọ̀rọ̀:

"Ilé ìyá mi nìkan, ẹ kọ ọ́ bó ṣe wà. Ìyókù, ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀."