Ẹsẹ̀ Tó Ń Sinmi Lórí Kílọ́ọ̀ṣì

Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń wa tírélà, mi ò sì jó kílọ́ọ̀ṣì rí kí n tó gba ọkọ̀ tí mò ń wà báyìí. Ẹni tó bá fẹ́ pè é ní ìyangàn, kó pè é bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ òsì mi mọ àyè rẹ̀: bí mo bá ti yí jíà tán, ilẹ̀ ló ń wà, kì í dúró sórí pẹ́dà bí ẹyẹ tó bà sórí wáyà. Nítorí náà, nígbà tí kílọ́ọ̀ṣì kejì jó mọ́ mi lẹ́sẹ̀ láàárín oṣù mẹ́ta, ojú tì mí débi pé mi ò lè wo ojú àwọn awakọ̀ ẹlẹgbẹ́ mi ní gáréèjì.

Mẹkáníìkì wa, àgbàlagbà kan tí a ń pè ní Bàbá Pẹ̀lẹ́ nítorí pé kì í pariwo, tú u, ó sì gbé pélétì rẹ̀, àwo pẹlẹbẹ inú rẹ̀, lé mi lọ́wọ́. Ó ti fẹ́lẹ́ bí ọṣẹ tó kù díẹ̀ kó tán. Ó ní pélétì kì í purọ́. Awakọ̀ tó ń fi iná púpọ̀ gbéra, ojú kan ni tirẹ̀ máa ń jó dúdú sí. Ṣùgbọ́n awakọ̀ tó ń gbàgbé ẹsẹ̀ sórí pẹ́dà, kílọ́ọ̀ṣì tirẹ̀ kì í gbá ẹ́ńjìnnì mú tán, yóò máa yọ̀, yóò sì máa jẹ ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí gbogbo ojú rẹ̀ á fi fẹ́lẹ́.

"Ẹnì kan ń sinmi ẹsẹ̀ lé e," ó wí. "Bí kì í bá ṣe ìwọ, ta ni?"

Ọ̀gá tó ni ọkọ̀ ní tòun ò gùn: bí ẹlẹ́ẹ̀kẹta bá jó, kí n fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ lórí tábìlì òun kí n máa lọ sílé. Ta ló máa gbé tírélà fún ọkùnrin tó ti ń hu ewú, tí wọ́n lé nítorí kílọ́ọ̀ṣì? Iṣẹ́ yìí nìkan ni mo mọ̀ láyé mi.

Kì í ṣe èmi ló kọ́kọ́ ni ìjókòó ọkọ̀ náà. Àbúrò mi ló ń wà á, ọmọ ìyá mi kan ṣoṣo, tí wọ́n ń pè ní Kíákíá. Inú rẹ̀ ló kú sí, níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè tó wà lẹ́yìn ilé-iṣẹ́ símẹ́ńtì. Ọ̀gá tún ọkọ̀ náà ṣe, àwọn awakọ̀ tó kù sì kọ̀ ọ́. Èmi ní kí wọ́n gbé e fún mi, torí mi ò lè gbà kí àjèjì jókòó síbi tí ọmọ ìyá mi jókòó sí. Gbogbo ayé gbà pé bíréèkì ló gbóná jù tí kò mú mọ́. Ṣùgbọ́n èmi ni mo kọ́kọ́ débẹ̀ lọ́jọ́ náà, ọ̀pá jíà sì wà ní fíríì, jíà kankan ò di ọkọ̀ mú. Mo fi ọwọ́ ara mi tì í sí jíà kẹta kí àwọn èèyàn tó dé, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé Kíákíá ò mọ ọkọ̀ wà. Mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, ìyá wa pàápàá ò gbọ́.

Nígbà tí Bàbá Pẹ̀lẹ́ fi kílọ́ọ̀ṣì kẹta sí i, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ pẹ́dà bí ẹni ń ṣọ́ olè. Ní òkè yẹn, lọ́sàn-án gangan, tí oòrùn ràn yòò sínú ọkọ̀, mo ká ẹsẹ̀ òsì mi sábẹ́ ìjókòó. Pẹ́dà náà rọra rọlẹ̀ níwọ̀n ìbú ìka kan, ó sì dúró síbẹ̀. Orí mi wú. Nígbà tí mo dé ìsàlẹ̀ òkè, ó gòkè padà. Mo páàkì, mo bẹ̀rẹ̀, mo fọwọ́ kan rọ́bà orí rẹ̀. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, bí ìjókòó tí èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, kí n tó bọ́ sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn, mo fi igi líle ti abẹ́ pẹ́dà. Igi náà ti kán sí méjì kí n tó sọ̀ kalẹ̀ tán. Òórùn kílọ́ọ̀ṣì tó ń jó bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé sí mi nímú, mo sì mọ̀ pé iṣẹ́ mi ń jó lọ pẹ̀lú rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni mo gbé ẹrù irin tó kún dẹ́nu. Bó ṣe yẹ, kí n tó bọ́ sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè yẹn, mo yọ jíà kúrò ní kẹrin kí n lè wọ kẹta. Bó ṣe bọ́ sí fíríì báyìí, pẹ́dà fà lọ sílẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, ó sì kọ̀, kò gòkè. Mo ti ọ̀pá jíà, ó ké kàrà. Mo tún tì í, ó tún ké. Ọkọ̀ ti ń sáré. Mo tẹ bíréèkì títí òórùn rẹ̀ fi gba inú ọkọ̀, ẹrù ẹ̀yìn sì ń tì mí. Mo rò pé òkú ọmọ ìyá mi fẹ́ mú mi lọ.

Ìgbà náà ni mo wá fọkàn sí ohun tí pẹ́dà ń ṣe. Ó ń gòkè díẹ̀, ó ń rọlẹ̀, ó ń gòkè, ó ń rọlẹ̀, ní wàrà-wàrà, bí ẹsẹ̀ ẹni tí jìnnìjìnnì bá. Mo mọ ẹsẹ̀ yẹn. Ní ọjọ́ tí mo ń kọ́ Kíákíá bí wọ́n ṣe ń dín jíà kù ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló ń tẹ̀ ẹ́, tí jíà ń ké. Ìgbà kẹta tó ké, inú bí mi, mo bú u, mo ní kó bọ́ sílẹ̀, mo ní títì á kọ́ ọ ní èyí tó kù. Mi ò padà sí ẹ̀kọ́ yẹn mọ́. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, èmi fi ìbínú mú tèmi. Ọmọ náà ò wá pa mí o. Jíà ló ṣì ń wá láti ọjọ́ tó kú.

"Kíákíá, èmi ni," mo wí, ohùn mi sì rọlẹ̀ ju bí mo ṣe máa ń bá a sọ̀rọ̀ nígbà ayé rẹ̀ lọ. "Fara balẹ̀. Gbé ẹsẹ̀ kúrò ná."

Pẹ́dà gòkè, ó ń gbọ̀n.

"Bẹ́ẹ̀ ni. Mo ń fún un níná báyìí. Gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì, jẹ́ kó ga kó bá ìsáré táyà mu. Má kánjú. Ó yá, tẹ̀ ẹ́."

Ó lọ sílẹ̀. Èmi kọ́ ni mo tẹ̀ ẹ́. Mo ti ọ̀pá, jíà kẹta sì wọlé wẹ́rẹ́ bí ìgbà tí ọwọ́ wọ àpò. Mo ní kó gbé ẹsẹ̀ kúrò. Pẹ́dà rọra gòkè, ẹ́ńjìnnì bú ramúramù, ó di ẹrù yẹn mú, ìsáré ọkọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Mo sunkún títí mo fi dé ìsàlẹ̀. Mo ní kó má bínú, pé èmi ni mi ò kọ́ ọ tán. Láti ìgbà náà, pẹ́dà yẹn ò rọlẹ̀ mọ́ àfi tí mo bá tẹ̀ ẹ́.

Ó ti lé lọ́dún kan báyìí. Bàbá Pẹ̀lẹ́ tú kílọ́ọ̀ṣì wò, ó ní kò jẹ ara rẹ̀ mọ́ rárá, Ọ̀gá ò sì bá mi sọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ mọ́. Ṣùgbọ́n mi ò lè máa jẹ oúnjẹ ìyá mi kí n sì máa fi irú ọ̀rọ̀ yìí pa mọ́ fún un. Mo lọ sí yàrá rẹ̀ lọ́jọ́ ìsinmi kan, mo sọ gbogbo rẹ̀: ọ̀pá tó wà ní fíríì, ọwọ́ mi tó tì í, ẹ̀kọ́ tí mo fi ìbínú dá dúró, àti ohun tó ṣẹlẹ̀ ní òkè. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ń retí kó gbé mi ṣépè.

Ó bi mí pé, "Ṣé ó ti wá rí jíà náà?"

Mo ní, "Ó ti rí i, Màámi."

Ó ní kí n dìde nílẹ̀. Ó bu omi fún mi, ó sì jókòó tì mí títí mo fi mu ún tán.